Súyà ní Abẹ́òkúta: Ẹran tí Kò Ní Ìpín Àgbà

Ní ilé Ẹ̀gbá, bó ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ètò wà nídìí ẹran. Bí a bá pa adìyẹ, baálé ló ni iwe. Bí ọdẹ bá pa ẹran ńlá, ó mọ ẹni tí itan tọ́ sí. Ọmọdé á jẹ àmálà láfún rẹ̀ tán kó tó fọwọ́ kan ẹran, bí wọ́n bá tilẹ̀ fún un. Súyà tí àwọn Haúsá gbé wá kò bá ètò yìí lọ rárá, mo sì gbà pé ohun tó jẹ́ kó gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí rẹ̀ sábà máa ń dúró sórí ata àti ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ ìpín ló yẹ ká fi kún un.

Ká kọ́kọ́ wo bí ẹran náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Láyé àtijọ́, màlúù Òkè Ọya kì í pẹ́ kú ní ilẹ̀ igbó, nítorí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń kó ràn wọ́n. Mùtùrù, màlúù kúkúrú tí kò ní iké, ló lè fara dà á. Ojú irin ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là á láti Èkó. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Kano ní 1912. Obì ń gòkè lọ, màlúù ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Abner Cohen, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1969 lórí Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá ní Ìbàdàn, fi hàn bí òwò méjèèjì ṣe so àwọn Haúsá pọ̀ ní ìlú Yorùbá. Abẹ́òkúta náà ní Sábó tirẹ̀. Láfẹ́nwá tí ibùdókọ̀ ojú irin wà ni odò ẹran, ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, náà wà. Lónìí tó jẹ́ pé tírélà ló ń kó màlúù, ọjà Kárà lẹ́bàá Odò Ògùn, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, wà lára àwọn ọjà màlúù tó gbajúmọ̀.

Oríṣiríṣi ni súyà lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín. Balangu kò ní ẹ̀pà. Kilishi ni èyí tí wọ́n ń sá sóòrùn, tí wọ́n ń fi ẹ̀pà àti ata pa lára, tí wọ́n tún ń sá, kí wọ́n tó fi han iná díẹ̀. Tsire ni ti orí igi, òun ni ọmọ Abẹ́òkúta sì mọ̀ sí súyà.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ tsire ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹran itan tí kò lọ́ràá, tí kò níṣan, ló dára jù. Onísúyà, tí gbogbo wa ń pè ní Àbókí, á gbé e lé pákó, á fi ọ̀bẹ là á títí yóò fi ku díẹ̀ kó já, á yí i padà, á tún là á láti òdìkejì, títí ègé kan yóò fi ṣí gbọọrọ bí aṣọ tí a tú ká. Ìyẹn ni yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún. Yájì ló kàn: kúlíkúlí lílọ̀, atalẹ̀, ata gígún, kànáfùrù, iyọ̀, àti àwọn nǹkan tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí òróró bá ṣẹ́ kù púpọ̀ nínú kúlíkúlí, yájì á dì, kò ní lẹ̀ mọ́ ẹran. Wọ́n á wá ta òróró ẹ̀pà sí i, wọ́n á ri igi náà yí iná ká, kí ooru mú un láìjẹ́ pé ọwọ́ iná kàn án. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń kìlọ̀ nípa èéfín ọ̀rá tó ń kán sórí ẹyín iná. Ọ̀nà àtijọ́ yìí yàgò fún un ju wáyà orí iná tó pọ̀ nígboro wa báyìí lọ.

Lẹ́yìn ìrun Mángàríbì, iná á ti ràn ní Pánṣẹ́kẹ́, ní Kútọ̀, ní Àdàtán. Iwe wà lórí igi, ẹ̀dọ̀ wà, kíndìnrín wà. Ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó rówó gbà lọ́jọ́ náà lè ra iwe mẹ́rin, kó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, kí baálé kankan má bi í pé ta ló pín in fún un. Ọmọbìnrin tí kò fojú kan iwe rí nílé lè nàka sí i níbí. Àbókí á tú ẹran kúrò lórí igi, á gé e wẹ́wẹ́ sórí bébà ìròyìn àtijọ́ (yíǹkì kò sí lára èròjà, ìwé tó mọ́ kò sì wọ́n), á da àlùbọ́sà, tòmátì àti kábéèjì lé e, á bu yájì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníbàárà á bèèrè èènì. Ègé kan péré ni yóò rí. Àwọn kan ń fi mu gààrí tútù, àwọn kan ń kì í sáàárín búrẹ́dì.

Nígbà tí súyà bá wọ òde ìnáwó, ètò àgbà máa ń fẹ́ gbà á padà. Olówó tó ń ṣòkú tàbí ìgbéyàwó á háyà Àbókí pẹ̀lú iná rẹ̀ wá sójú agbo. Tábìlì àwọn olóyè ni àwo kọ́kọ́ ń dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ kánópì ẹ̀yìn kì í dúró de ìpín. Wọ́n á lọ pagbo yí iná ká, wọ́n á máa bá Àbókí dúnàádúrà, bí ẹni pé owó ni wọ́n fẹ́ san.