Ẹ̀kọ, Jẹ́ẹ̀lì àti Ọkàn Tó Ń Lù

Ẹ tú ewé ẹ̀kọ kan ní Ìgbògbò láàárọ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ tẹ ẹ̀kọ náà díẹ̀. Ó máa mì, àmọ́ kò ní ṣàn. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ògì ti há omi náà mọ́ bí àwọ̀n ṣe ń há ẹja. Irú nǹkan báyìí làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní háídírójẹ́ẹ̀lì. Àwa tá a fi ẹ̀kọ dàgbà, kò yẹ kí orúkọ ńlá yẹn dẹ́rù bà wá.

Ní 1960, nílùú Prague, Otto Wichterle àti Drahoslav Lím kọ̀wé pé irú jẹ́ẹ̀lì yìí lè bá ara èèyàn gbé. Ojú ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Lásìkò Kérésìmesì 1961, Wichterle fi ohun ìṣeré ọmọ àti dáínámò kẹ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe lẹ́ǹsì inú ojú. Nílé ara ẹ̀ ló ti ṣe é o! Àwa tá à ń kọ kóòdù nínú yàrá, ìtàn yẹn wù wá gan-an.

Ọkàn ńkọ́? Ní 1986, Weinberg àti Bell ní Amẹ́ríkà kó sẹ́ẹ̀lì màlúù sínú jẹ́ẹ̀lì kọ́lájìn, wọ́n fi ṣe òpó ẹ̀jẹ̀. Kò lágbára tó, àfi tí wọ́n fi àwọ̀n Dacron tì í lẹ́yìn. Ní 1997, Eschenhagen àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó sẹ́ẹ̀lì ọkàn ọmọ adìyẹ tí kò tíì jáde nínú ẹyin sínú jẹ́ẹ̀lì kọ́lájìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù, kì, kì, kì! Ní 2019, Tal Dvir ní Tel Aviv fi ẹ̀rọ tẹ ọkàn kékeré kan jáde, kò ju ti ehoro lọ. Kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara.

Kí ló dí wọn lọ́wọ́? Sẹ́ẹ̀lì tó bá jìnnà sí ẹ̀jẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ á kú. Ẹran ọkàn tí kò ní òpó ẹ̀jẹ̀ dà bí àdúgbò tí wọ́n kọ́lé sí láì la ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní 1974 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣí ọkàn ní Nàìjíríà, ní Enugu. Fabian Udekwu àti Magdi Yacoub wà níbẹ̀. Àmọ́ ilẹ̀kùn ọkàn tí wọ́n fi irin ṣe kì í dàgbà. Ọmọ á máa ga sí i, ilẹ̀kùn náà á wà lójú kan, wọ́n sì lè tún ní láti la ọmọ náà. Èyí tó bá ti ara ọmọ fúnra ẹ̀ wá lè bá a dàgbà. Ohun tí wọ́n ń lé nìyẹn.

Kò tíì dé ọjà. Ní báyìí ná, ọmọ tí ọ̀fun ń dùn tí ara ẹ̀ sì ń gbóná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Àìtọ́jú irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń ba ilẹ̀kùn ọkàn àwọn ọmọ wa jẹ́, penicillin sì lè dá a dúró.