Owó Orí Obìnrin, Ọmọ Mẹ́rin Obìnrin: Níbo Ni Ọkọ Wà?

Obìnrin ni a mọ̀ mọ àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Lọ́jà Ìtòkú, àwọn ni òpó òwò náà. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni ìjọba amúnisìn tẹjú mọ́ nígbà tí wọ́n gbé owó orí wọ ilẹ̀ Ẹ̀gbá lọ́dún 1918. Wọ́n ka obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n gba tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ẹni pé kò lọ́kọ rárá. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n dó ti ààfin lọ́dún 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, kí ó tó tún padà.

Ọmọ obìnrin yìí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, di mínísítà ètò ìlera lọ́dún 1985. Lábẹ́ ìjọba tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ìlànà iye ènìyàn ti ọdún 1988 ti jáde: ọmọ mẹ́rin fún obìnrin kan. Ẹ tún gbólóhùn náà gbọ́. Olóbìnrin mẹ́rin lè bí mẹ́rìndínlógún, kí ó má sì rú ìlànà kankan. Àwọn obìnrin tí ń jà fún ẹ̀tọ́ rí àléébù yìí, wọ́n sì wí i. Ìjọba tún ti ka obìnrin lọ́tọ̀, nínú ilé tí ó jẹ́ pé ẹnu ọkọ ni àṣẹ bóyá ìyàwó yóò fètò sí ọmọ bíbí máa ń ti wá.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ìfètò sọ́mọ bíbí tẹ́lẹ̀. Abiyamọ kì í bá ọkọ sùn nígbà tí ọmọ bá wà lẹ́nu ọmú, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ ń gbádùn, ara ìyá ń padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ìyàwó nìkan ni àṣà náà so mọ́lẹ̀. Ọkọ lè gba ọ̀dọ̀ ìyàwó mìíràn lọ, tàbí ti àlè. Nígbà tí àrùn éèdì dé, ọ̀nà àtijọ́ yìí di ọ̀nà tí kòkòrò rẹ̀ ń gbà wọlé.

Àbúrò Olíkóyè ni Fẹ́lá, tí ó fẹ́ ìyàwó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún 1978. Fẹ́lá kò ka éèdì sí, ó tilẹ̀ kọrin tako kọ́ńdọ̀mù. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Lọ́jọ́ kejì, Olíkóyè pe àwọn oníròyìn, ó sì sọ fún wọn pé éèdì ló fa ikú àbúrò òun. Nígbà tí ìdílé ń fi àrùn yìí pamọ́ bí ẹ̀sín, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ó fihàn pé ọkùnrin, kódà gbajúgbajà, lè ní in.

Lọ́dún 2002 ni ètò láti dènà kí ìyá kó kòkòrò náà ran ọmọ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà. Ó gba ẹ̀mí ọmọ là. Síbẹ̀ ta ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò? Aboyún. Nítorí pé òun ni a kọ́kọ́ mọ ipò rẹ̀, òun ni ẹbí máa ń pè ní ẹni tí ó kó àrùn wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ lè ti ní in tipẹ́. Ọ̀pọ̀ fi èsì pamọ́, wọ́n fi oògùn pamọ́ pẹ̀lú, a sì mọ bí lílo oògùn ní ìkọ̀kọ̀ ti máa ń rí.

Aboyún tí èsì rẹ̀ mọ́ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò, kì í ṣe ti ọkọ. Bí ó bá kó kòkòrò náà lẹ́yìn àyẹ̀wò, nínú oyún tàbí nígbà tí ó ń fọ́mọ lọ́mú, àsìkò náà ni ó ń pọ̀ jù lọ nínú ara, ewu ọmọ a sì pọ̀ sí i. Ọkùnrin tí ó bá ń lo oògùn déédéé, tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò náà mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í fi ìbálòpọ̀ kó o ran ìyàwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì yẹ ara rẹ̀ wò kò lè bẹ̀rẹ̀ oògùn náà.