Téèpù Fídíò Inú Àpótí Wa: Ìtàn Àwa Yorùbá Ìlú Jos

 Gbogbo wa ni a mọ bí àwọn bàbá wa ṣe tẹ̀lé ọ̀nà rélùwéè àti iṣẹ́ ìwakùsà dé orí òkè yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn tí ó súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ ni a fẹ́ sọ, èyí tí ó wà nínú téèpù fídíò tí a kó sábẹ́ ibùsùn àti sínú àpótí. Kì í ṣe sinimá àgbéléwò tí à ń rà lọ́jà ni à ń wí o. Fídíò ìkómọjáde, ìgbéyàwó, ìṣílé àti ìsìnkú tiwa ni.

Kí fídíò tó dé, fọ́tò ni púpọ̀ nínú wa mọ̀. Láti ọdún 1932 ni Kodak ti gbé fíìmù kékeré onímilimítà 8 jáde fún lílò nínú ilé, ṣùgbọ́n àwọn tí owó wọn ká a láàrin wa kò pọ̀. Ọdún 1976 ni JVC ti ilẹ̀ Japan gbé VHS jáde. Owó epo wà nílùú nígbà náà, kò sì pẹ́ tí ẹ̀rọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé wa. Nígbà tí ó fi máa tó ìparí àwọn ọdún 1980, ìnáwó tí kò bá ní oníkámẹ́rà fídíò, ẹnu á ti máa kùn ún. Ọ̀gbẹ́ni náà á gbé kámẹ́rà lé èjìká, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á gbé iná tí ń ta ni lójú tẹ̀lé e, wáyà á sì máa wọ́ nílẹ̀ láàrin àwọn tí ń jó. (Ẹ jẹ́ kí á rántí pé Jos kì í ṣe ará ẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ àwòrán: ní ọdún 1974, ibí ni tẹlifíṣọ̀n Benue-Plateau ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán aláwọ̀ hàn, kí ibòmíràn ní Nàìjíríà tó ṣe é.)

Ohun tí ó wà nínú àwọn téèpù yìí kò sí nínú fáìlì ìjọba kankan. Ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni rògbòdìyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Jos. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, òmíràn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010. Ilé jóná, ṣọ́ọ̀bù jóná, àwọn ẹbí kó kúrò ní àdúgbò tí wọ́n ti dàgbà sí, àwọn mìíràn padà sílé pátápátá. Ẹni tí ó ń sá àsálà kì í dúró ṣa téèpù. Bí ilé kan bá ti di eérú, ó lè jẹ́ inú fídíò ìkómọ tí aládùúgbò ṣe ní ọdún 1988 nìkan ni a ti tún lè rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ àti àwọn tí ó jókòó síbẹ̀.

Iná nìkan kọ́ ló ń jẹ téèpù. VHS ní etí kékeré kan lẹ́yìn. Bí a bá ti ṣẹ́ ẹ, ẹ̀rọ kò ní gbà kí á gba nǹkan mìíràn lé e. Àwọn ọmọ wa mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n á fi sẹ́lótéèpù dí ojú ibẹ̀, wọ́n á sì gba bọ́ọ̀lù lé ìgbéyàwó ìyá wọn lórí.

Àìní àkọsílẹ̀ ni ó burú jù. Ní ọdún 1992, ìlú Jos yìí náà ni wọ́n dá National Film, Video and Sound Archives sí, lábẹ́ Nigerian Film Corporation. Níbí ni a ti rí Shaihu Umar, fíìmù èdè Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, tí ayé ti gbà pé ó ti sọnù. Wọ́n tún un ṣe ní Jámánì, wọ́n sì fi í hàn ní àjọ̀dún fíìmù ìlú Berlin ní 2018. Bí fíìmù tí a gbé ka ìwé Tafawa Balewa bá lè wà nílẹ̀ kí á rò pé kò sí mọ́, kí ni ká ti wí nípa téèpù tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí lára?

Bí àwa ṣe ń ṣe é nìyí. Kí á tó fi téèpù kankan sínú ẹ̀rọ, a óò fún un ní nọ́ńbà. Ara téèpù gan-an ni a ń kọ ọ́ sí, a sì tún ń kọ ọ́ sára páálí rẹ̀, nítorí páálí máa ń ṣèèṣì pààrọ̀. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ sára rẹ̀, a óò dà á kọ sínú rẹ́jísítà bí ó ṣe wà, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ àṣìkọ. Lẹ́yìn náà ni a óò wá wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, a óò sì máa kọ ìṣẹ́jú tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Fún ìsìnkú èyí ṣe pàtàkì, torí pé àìsùn lè jẹ́ ní Jos kí isà òkú jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lórí téèpù kan náà.

Ọjọ́ tí kámẹ́rà kọ sí igun àwòrán kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà kì í tún aago rẹ̀ ṣe. Owó tí wọ́n ń ná fún olórin dára jù ú lọ. Láti ọdún 1977, náírà 20, Múrí, ni owó tó tóbi jù, títí náírà 50 fi dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1991. Náírà 100 dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, náírà 200 ní ọdún 2000, náírà 500 ní 2001, náírà 1,000 ní oṣù kẹwàá 2005. Nítorí náà, bí a bá rí náírà 100 níwájú orí ìyàwó, ìgbéyàwó náà kò lè ṣáájú òpin ọdún 1999. (Láti ìgbà òfin CBN ti ọdún 2007, ẹ̀ṣẹ̀ ni irú owó nínáwó bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ìtàn là ń sọ.) Ife àti abọ́ tí wọ́n pín fún àlejò náà máa ń ní ọjọ́ lára, bí kámẹ́rà bá súnmọ́ ọn.

Orúkọ ni iṣẹ́ tó le jù. Ní ìdálẹ̀, orúkọ ọmọ ni a fi ń pe ìyá. Ẹni tí ó kọ “Màmá Rísí” sínú rẹ́jísítà kò tíì kọ nǹkan kan. Màmá Rísí lè tó mẹ́ta ní àdúgbò kan. Orúkọ tirẹ̀ gan-an, ìlú rẹ̀, agboolé rẹ̀ nílé, ohun tí ó ń tà ní Jos, ìwọ̀nyí ni à ń béèrè. Àgbà méjì ni a máa ń pè láti jọ wo téèpù, nítorí ọ̀kan á rán èkejì létí. Bí wọn kò bá fẹnu kò, a óò kọ ti àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré gbé téèpù lọ fún ẹni tí yóò dà á sí fláàṣì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fláàṣì tí ó kún fún ojú tí kò ní orúkọ, àpótí àtijọ́ náà ni ó tún di. Ẹ̀rọ á ṣì lè da àwòrán kọ lọ́la. Àwọn àgbà tí ó mọ orúkọ ń lọ.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ń tán lọ. Oṣù keje ọdún 2016 ni Funai, ilé iṣẹ́ tó kẹ́yìn tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS, dáwọ́ dúró. Àlòkù ni gbogbo èyí tó kù. UNESCO kìlọ̀ ní ọdún 2019 pé bí ó bá ti di 2025, ó lè má ṣeé ṣe mọ́ láti wo ọ̀pọ̀ téèpù; ọdún náà sì ti dé. Téèpù tí ó bá hu funfun, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ, nítorí yóò kó bá orí ẹ̀rọ àti téèpù tó bá tẹ̀lé e. Inaro ni kí ẹ gbé e kalẹ̀, kì í ṣe ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe, kí ọ̀kan wà ní Jos, kí èkejì wà lọ́dọ̀ ẹbí nílé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọdún 2001 kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Èyí tí ẹbí kò bá fẹ́ kí ará ìta rí, a óò kọ “ti ẹbí nìkan” síwájú nọ́ńbà rẹ̀, kò sì ní jáde.

Rẹ́jísítà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Lórí téèpù kan tí owó rẹ̀ fi hàn pé kò ṣáájú 1991, ìyá arúgbó kan wà tí ó wọ àrán aláwọ̀ ewé, tí ó jó títí wọ́n fi gbé àga fún un. Àgbà mẹ́rin ti wò ó; wọ́n mọ ijó rẹ̀, wọn kò rántí orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè mọ̀ ọ́n, kí ó wá wò ó lẹ́yìn ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.