Sánmà àti Omi Lórí Ìwé Kan: Ìtàn Àtúnṣe Àwòrán Ojú Òkun

Iṣẹ́ àtúnṣe àwòrán ojú ilẹ̀, nínú èyí tí ayàwòrán ti ń mú kí sánmà ṣú dẹ̀dẹ̀, kí ìkùukùu yọ gedegbe, kí omi ìsàlẹ̀ sì gbé òjìji wọn yọ, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí kọ̀ǹpútà tó dé ọwọ́ àwọn ayàwòrán. Àbùkù kan tó wà lára ohun èlò àtijọ́ ni ó bí iṣẹ́ náà, etí òkun ilẹ̀ Faransé sì ni ó ti kọ́kọ́ yọrí sí iṣẹ́ ọnà pàtàkì.

Ní ọdún 1851, Frederick Scott Archer, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ọ̀nà kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń da collodion, ìyẹn omi kíki kan tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, sórí awo gíláàsì, tí wọ́n á sì rì í sínú omi èròjà fàdákà kí ó lè gba ìmọ́lẹ̀. Awo tí wọ́n bá fi ya àwòrán báyìí ni à ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù, nítorí pé ohun tó mọ́lẹ̀ lójú ayé ni ó ń dúdú lára rẹ̀, tí ohun tó ṣókùnkùn sì ń mọ́, títí wọ́n á fi tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí gbogbo rẹ̀ tó padà sípò. Ìṣòro awo yìí ni pé àwọ̀ búlúù ni ó ń yára gbà jù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí àwọ̀ ewé àti pupa rárá. Sánmà aláwọ̀ aró, tí Yorùbá kà mọ́ ẹbí dúdú, ni awo náà sọ di funfun báláú. Bí ayàwòrán bá ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ títí igi àti òkúta fi hàn, ìkùukùu á ti pa rẹ́; bí ó bá sì tètè pa á dé nítorí ìkùukùu, ilẹ̀ á di òkùnkùn biribiri.

Láti yanjú ìṣòro yìí, ní 1852, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Hippolyte Bayard dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa ya ìkùukùu sọ́tọ̀ lórí nẹ́gẹ́tíìfù tirẹ̀, ṣùgbọ́n Gustave Le Gray, tí wọ́n bí ní 1820, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn lọ́dọ̀ Paul Delaroche, ni ó gbé ọgbọ́n náà dé òkè. Láàárín 1856 sí 1858, ó ya òkun ní Normandy àti ní Sète, ìlú kan ní etí Òkun Mẹditaréníà. Fún àwòrán Ìgbì Ńlá, tí ó yà ní Sète ní 1857, nẹ́gẹ́tíìfù méjì ni ó lò: wọ́n á bo apá sánmà, wọ́n á tẹ òkun sórí ìwé, lẹ́yìn náà wọ́n á bo òkun kí wọ́n tó tẹ sánmà láti ara awo kejì. Òkun gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju igbó lọ, nítorí pé ìlà tààrà ni ibi tí omi ti pàdé sánmà, ojú kò sì lè tètè rí oríkèé ibẹ̀. Sánmà kan náà sì wà lórí ju òkun kan lọ nínú àwọn àwòrán rẹ̀.

Àwọ̀ àwòrán pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi funfun ẹyin kùn ni Le Gray ń tẹ àwòrán sí, ó sì ń fi èròjà wúrà rẹ ẹ́, èyí tí ó ń fún dúdú ibẹ̀ ní àwọ̀ tó jọ ti àlùkò, tí ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì ń jọ ti òṣùpá. Ní 1904, ayàwòrán mìíràn, Edward Steichen, ya adágún omi kan ní Mamaroneck, ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí òṣùpá ti ń yọ láàárín igi tí òjìji rẹ̀ sì hàn nínú omi. Ọwọ́ ni ó fi kun àwọ̀ àwòrán náà, ní ìpele-ìpele, sórí ìwé. Nínú iṣẹ́ ìtẹ̀wé pẹ̀lú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi yíǹkì méjì, dúdú kan àti òmíràn tó ní àwọ̀, tẹ àwòrán kan ṣoṣo, èyí tí a lè pè ní àwòrán aláwọ̀-méjì, kí òkùnkùn rẹ̀ lè jinlẹ̀ ju ohun tí yíǹkì kan lè ṣe.

Àbùkù ìpilẹ̀ṣẹ̀ náà kò wà títí. Ní 1873, Hermann Wilhelm Vogel ní Jámánì rí i pé bí wọ́n bá po aró mọ́ èròjà fàdákà, awo á bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn àwọ̀ mìíràn, láti ìgbà náà sì ni sánmà ti ń padà bọ̀. Síbẹ̀ àtúnṣe kò dáwọ́ dúró: ayàwòrán Ansel Adams, tí ó ya òṣùpá lókè abúlé Hernandez ní New Mexico ní 1941, ń mú kí sánmà rẹ̀ túbọ̀ dúdú nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán, bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, jáde ní 1990, iṣẹ́ tó ti lọ́jọ́ lórí ni ó jogún.

Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé àtúnṣe kì í ṣe irọ́ bí ó bá ń wá ohun tí ojú rí tí ohun èlò kò rí. Omi ni ẹlẹ́rìí ọ̀ràn náà, nítorí pé òun ni ó ń sọ irú sánmà tó wà lórí rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ pààrọ̀ sánmà lórí àwòrán rẹ̀ lónìí kọ́kọ́ wo omi rẹ̀ dáadáa.