Ọjọ́ Kan ní Etí Òkun Àgbádárìgì

Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í wí pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ará òkè ni àwa tí ó kọ ìwé yìí. Ìgbàrà-Òkè, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, ni a ń gbé. Òkúta, òkè àti igbó kòkó ni ojú wa mọ̀, òkun sì jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lásán. Nítorí náà, nígbà tí àwọn mẹ́tàdínlógún nínú ìjọ wa pinnu láti lọ wo Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ẹ̀gùn tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, ohun tí a ń wá ni afẹ́fẹ́ òkun, àwọn ẹyẹ àti ẹranko etí omi, àti ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kọ́ ní àtijọ́. A rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a tún rí ohun kan tí a kò wá lọ, òun ni ó sì mú wa kọ̀wé.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ọ̀rọ̀ kan. Ní oṣù tí ó ṣáájú ìrìn-àjò yìí, ìjà ilẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé kan ní agbègbè wa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gbóná, àgbàlagbà kan na ìka sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ó ní, “Ọmọ ẹrú ni ìwọ, kí ni ìwọ ní í sọ nínú ilẹ̀ tiwa?” Àwa wà níbẹ̀. A gbọ́, a sì dákẹ́, a ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni. Àgbàlagbà náà wà nínú àwọn tí ó bá wa lọ sí Àgbádárìgì.

Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ sì ń fẹ́. A sùn sí ìlú náà ní alẹ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gùn kan, afinimọ̀nà wa, wá kí wa. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wa rin inú ìlú, kí a tó gun orí omi. Ẹni tí kò bá rí ọjà kò lè mọ ohun tí ọkọ̀ rù.”

Ọjà Vlekete ni ó kọ́kọ́ mú wa lọ. Orúkọ òrìṣà òkun ni orúkọ náà. Lónìí ibi ìdákẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti ń ta ènìyàn nígbà kan rí, tí a ń fi aṣọ, ọtí, ìbọn àti ẹ̀tù ṣe pàṣípààrọ̀ wọn. Àgbàlagbà wa bi í pé, “Ọmọ mi, ta ni ó kó wọn wá síhìn-ín? Ṣé òyìnbó ni?” Ọmọ náà dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “Bàbá, òyìnbó kì í wọ inú igbó lọ. Ọkọ̀ ni tiwọn. Ọjà ni tiwa.” Kò sí ẹni tí ó tún fọhùn títí a fi kúrò níbẹ̀.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Láti ìgbà tí agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já, ogun kò dá ní ilẹ̀ wa. Ìlú ń kó ìlú, àwọn jagunjagun Dàhómì ń wá láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ sì ń dènà ní ojú ọ̀nà oko. Àwọn tí a kó ni a ń fà wá sí etí omi, láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn. Ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 12 ènìyàn ni a kó sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ ènìyàn dúdú lọ sí Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òwò náà. Àwọn tí ó kú sórí omi nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà ní ọdún 1807, ṣùgbọ́n ọjà kò tìtorí òfin tú ní ọjọ́ kan. Nígbà tí Clapperton àti Richard Lander gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, ọjà náà ṣì wà. Nígbà tí Richard àti John àbúrò rẹ̀ sì padà wá ní ọdún 1830 láti lọ wá ẹnu Odò Ọya, ó ṣì wà níbẹ̀.

Láti ọjà náà a lọ sí ilé Sèríkì Williams Abass. Àgbàlá ńlá ni, tí a fi yàrá yí ká. Ogójì ni iye àwọn yàrá náà nígbà tí ilé pé. Fèrèsé kékeré kan ṣoṣo, tí ó ga sókè ju orí ènìyàn lọ, ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Afinimọ̀nà wa ní ogójì ènìyàn ni a ń tì mọ́ inú yàrá kan títí ọkọ̀ yóò fi dé. Méje nínú wa wọ inú ọ̀kan, ìmí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Àwọn ẹ̀wọ̀n irin wà níbẹ̀ títí di òní, àti ti ọrùn, àti ti ẹsẹ̀, títí kan èyí tí ó kéré tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé.

Ta wá ni ẹni tí ó ni ilé náà? Ọmọ Yorùbá ni, láti Ìjòga ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò. Ìtàn tí a ń sọ nípa rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ní kékeré ni a ti kó òun pàápàá lẹ́rú, tí a sì tà á; ó dé ilẹ̀ Bràsíìlì, olówó rẹ̀ kọ́ ọ ní ìwé àti èdè òyìnbó púpọ̀. Nígbà tí ó padà wá sí etí òkun tí a ti kó o lọ, òwò tí a fi òun ṣe náà ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Ó di olówó, ó di olóyè, ó kú ní ọdún 1919, inú ilé náà ni a sì sin ín sí.

Kò jìnnà síbẹ̀, létí ọ̀sà kan náà, ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òjíṣẹ́ ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní ọdún 1845. Òun ni a ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti gúnlẹ̀ síhìn-ín. Henry Townsend tiwa tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá, wọ́n sì jọ ṣe ọdún Kérésìmesì. Igi Àgíà, lábẹ́ èyí tí wọ́n ti wàásù, wó ní ọdún 1959. Ọwọ̀n ìrántí ni ó dúró sí ipò rẹ̀ nísinsìnyí.

Nínú àwọn tí ó tún gúnlẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Àjàyí ọmọ Òṣogùn wà, ẹni tí ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, tí wọ́n sì mú Àjàyí lẹ́rú. A tà á lọ, a tà á bọ̀, títí a fi kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á lójú òkun, ó mú un lọ sí Sàró. Nígbà tí ó dé Àgbádárìgì gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, Ṣódẹkẹ́ baba Ẹ̀gbá ti kú, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí, ó sì ní láti dúró létí omi yìí fún bí ọdún kan àti ààbọ̀. Nígbà tí ọ̀nà là, ó lọ, ó sì bá ìyá rẹ̀ pàdé ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọdún 1864 ó di Bíṣọ́ọ̀bù; ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí ó ṣe aáyan lé lórí, parí ní ọdún 1884.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbé ọmọ méjì yìí sórí ìwọ̀n. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì. A tà àwọn méjèèjì ní kékeré. Àwọn méjèèjì kọ́ ìwé. Àwọn méjèèjì padà sí etí omi tí a ti ń kó ènìyàn lọ. Ọ̀kan wá láti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n. Èkejì kọ́ yàrá ogójì láti ti ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Àwa ti máa ń wàásù pé ìyà ń kọ́ni ní àánú. Ní Àgbádárìgì a rí i pé ìyà fúnra rẹ̀ kò kọ́ni ní ohunkóhun. Ohun tí ènìyàn bá yàn láti fi ìyà rẹ̀ ṣe ni ó kù.

Ní ọ̀sán ni a wọ ọkọ̀ ojú omi, láti gba orí ọ̀sà kọjá sí erékùṣù Gberefu. Ara wa sì rọ̀ díẹ̀, nítorí omi náà dára púpọ̀ láti wò. Àwọn igi ẹ̀gbà gbé gbòǹgbò wọn sókè nínú ẹrẹ̀ bí ẹni tí ó ká aṣọ sórí orúnkún. Láàrin gbòǹgbò wọ̀nyí ni ẹja ń pamọ ọmọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni akàn ń gbẹ́ ihò sí. Lékèélékèé funfun dúró létí omi bí akọrin tí ó wọ aṣọ. Ẹyẹ apẹja kan, aláwọ̀ dúdú àti funfun, rọ̀ sójú kan ní òfuurufú, ó já lulẹ̀ bí òkúta, ó sì gbé ẹja jáde. Ní orí àgbọn àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń ya imọ̀ láti hun ìtẹ́ wọn, ariwo wọn kò sì jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa.

Afinimọ̀nà wa bi wá bóyá a mọ ibi tí àgbọn ti wá. A rò pé ti ìlú náà ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ó ní rárá, àwọn Potogí ni ó fi ọkọ̀ gbé e wá sí etí òkun wa. Ó tún nàka sí koríko kan tí ó léfòó, tí òdòdó rẹ̀ dàbí àwọ̀ àlùkò, tí ó sì dí ojú omi pa: ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni tirẹ̀ ti wá, ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ ni ó sì gbà dé Àgbádárìgì ní ọdún 1984. Láti ìgbà náà ni ó ti ń dí àwọ̀n mọ́ apẹja lọ́wọ́, tí ó sì ń dá ọkọ̀ dúró. A ronú lórí èyí. Ọ̀nà omi tí a fi kó ènìyàn lọ, òun náà ni àgbọn gbà wọlé, òun ni ìwé gbà wọlé, irúgbìn búburú pẹ̀lú sì gbà á.

Ní Gberefu a fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà iyanrìn tí àwọn tí a dè ní ẹ̀wọ̀n rìn, láti etí ọ̀sà títí dé etí òkun. Kànga kan wà lọ́nà. A ní a ń fún wọn mu nínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ní òpin ọ̀nà ni òpó méjì tí ó dojú kọ òkun wà, níbi tí a ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀. Nígbà náà ni a rí òkun. A kò lè sọ bí ó ti rí fún ará òkè tí kò rí i rí. Kò sí òdìkejì.

Ní orí iyanrìn, afinimọ̀nà wa fi ipa kan hàn wá, bí ẹni pé a wọ́ ohun wúwo gòkè láti inú omi. Ìjàpá òkun ni ó gba ibẹ̀ ní òru. Ó ní ìjàpá òkun a máa rìn jìnnà nínú òkun ńlá, a sì máa pẹ́ lọ́dún púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò ẹyin bá tó, abo a padà wá sí agbègbè etí òkun tí a gbé pa òun fúnra rẹ̀, a gbẹ́ ihò, a sì yé bí ọgọ́rùn-ún ẹyin sí i. Lẹ́yìn náà a padà sínú omi. Àwọn kan ń wú ẹyin náà, wọ́n sì ń pa ìyá jẹ. Ọmọ náà bẹ̀ wá pé bí a bá délé kí a sọ fún ènìyàn pé kò dára, nítorí wọ́n ń tán lọ.

Ìyá àgbà kan nínú wa wo ipa náà pẹ́. Ó ní, “Ẹranko mọ ọ̀nà ilé. Àwọn tí ó gba ibí lọ, wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́.” Lẹ́yìn èyí ni ó rọra pa òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú sì ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bí ó ti ń sọ ọ́. Àgbàlagbà wa yí ojú sí òkun.

Ìtàn kò parí sí etí òkun. Ogun tí ó wáyé ní òkè lọ́dọ̀ tiwa, títí kan ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, sọ ọ̀pọ̀ ará Èkìtì àti agbègbè Àkúrẹ́ di ẹrú, bí òwò òkun tilẹ̀ ti dópin. Àwọn kan nínú wọn, tí wọ́n gbọ́ ìhìnrere ní ilẹ̀ ìgbèkùn, ni ó mú un padà wá sí òkè. Àwọn mìíràn kò rí ọ̀nà padà. Wọ́n bímọ sí ilé olówó wọn, àwọn ọmọ wọn sì di ará ilé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a ṣì ń nàka sí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè bá dé. Ẹni tí ó bá pe ẹnìkejì rẹ̀ ní ọmọ ẹrú lónìí ṣì ń ná ní ọjà Vlekete, bí kò tilẹ̀ dé Àgbádárìgì rí. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí ó dákẹ́, ó bá wọn dúró ní ọjà náà.

Èyí ni a sọ fún àgbàlagbà náà nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀, a sì jẹ́wọ́ ìdákẹ́ tiwa fún un kí a tó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kò dá wa lóhùn títí a fi kọjá Ìbàdàn. Nígbà tí a délé, ìpàdé ìdílé náà tún jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Àgbàlagbà náà wò ó, ó sún díẹ̀ lórí àga gígùn tí ó jókòó lé, ó ní, “Wọlé wá jókòó, ọmọ mi. Wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.”