Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: èwo ni kí ọmọ wa ṣe, ìgbà wo ni kí a sì sanwó rẹ̀?



Láti Volkswagen títí dé Òkòkòmáìkò, àti láti Ìyànà-Ìbà wọ inú Ìbà lọ, ojú ò lè ṣàì rí pátákó àwọn tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà. Àwọn ìdílé ń bi wá léèrè pé: nínú gbogbo ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n ń polówó wọ̀nyí, èwo ló níye lórí? Ṣé ọmọ tó wà ní LASU tún nílò rẹ̀? Ṣé ọmọ tí kò rí yunifásítì wọ̀ lè fi í jẹun? Èló ni, ibo la sì ti ń ṣe é?

Ìdáhùn wa kò gùn: iṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ mọ̀, kí ìwé-ẹ̀rí tẹ̀lé e, kí owó ìdánwò sì kẹ́yìn. Ìdílé tó bá fi owó ìdánwò ṣáájú lè rí ìwé gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lè má bá ìwé náà wá. Ẹ jẹ́ kí a tú u palẹ̀.

Oríṣi ìwé mẹ́ta

Àwa tí a gba ilé-kéú kọjá mọ̀ pé ọmọ tó ń wá sí ilé-kéú yàtọ̀ sí ọmọ tó parí Àlùkùrááni tí a ṣe wòlímọ̀ fún. Ọmọ tó ṣe wòlímọ̀ náà tún yàtọ̀ sí ẹni tí olùkọ́ dán wò lójúkojú, tó sì fún ní ijāzah pé òun náà lè kọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé-ẹ̀rí kọ̀ǹpútà rí.

Èkíní ni ìwé ìkópa. Ohun tó ń sọ ni pé lágbájá wá síbi ẹ̀kọ́. Púpọ̀ nínú ìwé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kéékèèké ń tẹ̀ fún ọmọ kò kọjá èyí. Kì í ṣe ẹ̀tàn, àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ kò ní ibi tó ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkejì ni ìwé ìparí ẹ̀kọ́ tó ní iṣẹ́ àmúṣe nínú. A gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó gbà á. Irú rẹ̀ ni CS50 ti Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, èyí tí David Malan ń kọ́ni, àti àwọn ìwé-ẹ̀rí freeCodeCamp, tó ti wà láti 2014.

Ẹ̀kẹta ni ìwé-ẹ̀rí ìdánwò iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ni ìmọ̀ náà ló ṣètò ìdánwò, ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò wà níbẹ̀, ìwé náà sì ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni lè fi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí ni àwọn agbanisíṣẹ́ máa ń dárúkọ nínú ìpolówó wọn, òun náà ló sì ń náni lówó jù.

Nítorí náà, kí òbí tó sanwó níbikíbi, kí ó béèrè ìbéèrè kan: “Bí ọmọ mi bá mú ìwé yìí lọ síbi iṣẹ́, ibo ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò?” Bí kò bá sí ìdáhùn, kí a mọ̀ pé ẹ̀kọ́ nìkan la ń ra. Bí ẹ̀kọ́ náà bá dára, ó tó bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n kí a má san owó ìwé-ẹ̀rí lé e lórí.

Àwọn tó lórúkọ, àti iye wọn

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èdè Python, ìdánwò PCEP ti Python Institute wà. Ìbéèrè 30 ni, ìṣẹ́jú 40 ni wọ́n ń fún ni, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni a fi ń yege, owó rẹ̀ sì jẹ́ $59. PCAP ló tẹ̀lé e, ó le jù ú lọ, owó rẹ̀ sì jẹ́ $295.

Fún iṣẹ́ cloud, ìyẹn ṣíṣe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí a háyà nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, Amazon ní ìdánwò AWS Cloud Practitioner. Ìbéèrè 65 ni fún ìṣẹ́jú 90, máàkì 700 nínú 1,000 ni a fi ń yege, $100 sì ni. Ti àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gan-an ni Developer Associate: ìbéèrè 65, ìṣẹ́jú 130, máàkì 720, $150. Ọdún mẹ́ta ni ìwé-ẹ̀rí AWS fi ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà a ó tún un ṣe. Ẹni tó bá yege ń gba ẹ̀dínwó ìdajì fún ìdánwò tó kàn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ 14, kó sì tún san owó lọ́tun.

Ti Microsoft, àwọn ìwé-ẹ̀rí ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fundamentals kì í kú. Àwọn tó ga ju ìyẹn lọ, irú Associate, ń kú lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni a fi ń sọ wọ́n di ọ̀tun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń kọ́ Java ní ìdánwò Oracle tirẹ̀.

Iye tí a mọ̀ nígbà tí a ń kọ èyí la kọ sílẹ̀. Kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ojúlé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ibẹ̀ náà ni kí ẹ sì ti san án, kì í ṣe ọwọ́ alárinà.

Ìṣirò owó nínú ilé

Dọ́là ni wọ́n ń gbà. Bí dọ́là kan bá jẹ́ ₦1,500, ìdánwò $100 di ₦150,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 sì jẹ́ ₦70,000. Ìdánwò kan ṣoṣo ju owó oṣù méjì lọ fún ẹni tó ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí owó ìdánwò kẹ́yìn.

A sì ń rọ àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n má torí ìdánwò lọ yá owó elélé lórí fóònù. Èlé jẹ́ hàráàmù, gbèsè rẹ̀ sì lè dé kí iṣẹ́ tó dé. Àjọ wà, èésú wà, ẹbí sì wà. Àwọn jámọ́ọ̀ mọ́sálásí náà lè ronú sí i: ẹgbẹ́ tó bá san owó ìdánwò fún ọmọ kan tó ti múra tán lọ́dún ti ṣe iṣẹ́ ńlá.

Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀ ni pé ìdánwò ló ń náni lówó; ẹ̀kọ́ tó ṣáájú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Cisco Networking Academy ń kọ́ni ní Python Essentials 1 àti 2 lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá sì ṣe apá kìíní dáadáa ń gba ẹ̀dínwó lórí PCEP. freeCodeCamp kì í gba kọ́bọ̀. CS50 náà, bí a bá gba ojúlé Harvard fúnra rẹ̀ lọ, ọ̀fẹ́ ni títí kan ìwé-ẹ̀rí. Èyí tí a ń gbà lórí edX ni a ń sanwó fún. AWS pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánrawò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Skill Builder.

Nílé níbí, ìjọba àpapọ̀ ní ètò 3MTT, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba tí Dókítà Bosun Tijani jẹ́ mínísítà rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ ẹ̀rọ. Kí ọ̀dọ́ máa ṣọ́ ìgbà tí wọ́n bá ṣí fọ́ọ̀mù.

Ohun tí a ó ná owó lé lórí ni láptọ́ọ̀pù tokunbọ̀ tó dára, dátà, àti iná.

Ètò ọdún kan

“Mo fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà lọ́dún yìí” kì í ṣe àfojúsùn, àdúà lásán ni. Àfojúsùn ní nǹkan mẹ́ta: kí ni mo máa lè ṣe, ọjọ́ wo ni, ta ni yóò sì rí i? Ètò tí a dámọ̀ràn nìyí, fún ẹni tó bá lè yọ wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀: wákàtí kan lẹ́yìn ìrun àsùbá láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, àti méjì lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn àsàlátù.

Oṣù 1 sí 3: Python Essentials 1, àti bí a ṣe ń tọ́jú iṣẹ́ ẹni sórí GitHub. Àmì pé ó wọlé ni pé ọmọ náà lè kọ ètò kékeré láìwo ìwé.

Oṣù 4 sí 6: Python Essentials 2 àti SQL, èdè tí a fi ń bá àkójọ dátà sọ̀rọ̀. Lásìkò yìí ni kó ṣe iṣẹ́ kan fún ènìyàn gidi. Ọjà Alábà kò jìnnà. Ẹni tó ń ta fáànù àti bátìrì ínfátà níbẹ̀, tó ń kọ ọjà sínú ìwé, á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe ètò tó ń sọ fún un pé ọjà báyìí ti ku mẹ́ta. Ilé-kéú àdúgbò náà nílò àkọsílẹ̀ orúkọ àti owó oṣù àwọn ọmọ. Irú iṣẹ́ yìí ni ọmọ á fi han agbanisíṣẹ́, yóò sì sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Oṣù 7 sí 9: kó yan ọ̀nà kan ṣoṣo. Kó ka ìpolówó iṣẹ́ mẹ́wàá tó wù ú, kó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń padà wá léraléra. Bí AWS bá hàn nínú mẹ́fà, tí Java hàn nínú ẹyọ kan, ó ti mọ ìwé-ẹ̀rí tó kàn án. Ọjà ló ń yan ìwé-ẹ̀rí fúnni, kì í ṣe pátákó.

Oṣù 10 sí 12: ìmúrasílẹ̀ àti ìdánwò. Ìgbà tó bá ti gba ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánrawò tí kò rí rí ni kí a tó sanwó.

Ọmọ LASU lè fi SIWES rẹ̀ ṣe apá kan ètò yìí: kó wá ibi tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ, kì í ṣe ibi tí yóò ti máa tẹ lẹ́tà. Ìwé-ẹ̀rí wọ̀nyí kì í rọ́pò dìgírì. Dìgírì kì í kú bí ti AWS ṣe ń kú lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì rí yunifásítì wọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí kan tó ṣeé yẹ̀ wò lè ṣílẹ̀kùn fún un.

Òbí kò nílò láti mọ kọ̀ǹpútà kó tó lè ràn án lọ́wọ́. Kó máa sọ ní gbogbo Sátidé pé, “Mú ohun tí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí wá kí n rí i.” Kí a sì ṣe ẹ̀tọ́ láàárín ọmọ: bí ọmọkùnrin bá ń jókòó ti láptọ́ọ̀pù nígbà tí ọmọbìnrin ń dáná, tó ń fọ abọ́, wákàtí mẹ́wàá ti ọmọbìnrin yẹn ti lọ. Kí a pín iṣẹ́ ilé.

Ọjọ́ ìdánwò

Orúkọ ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Orúkọ àwa Mùsùlùmí pọ̀ ní ọ̀nà ìkọ̀wé: Sulaimon, Sulaiman, Suleiman, Abdulrahim, AbdulRaheem. Orúkọ tí a fi forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò gbọ́dọ̀ bá ti káàdì ìdánimọ̀ mu. Bí ti NIN bá yàtọ̀ sí ti páálí WAEC, kí a tún un ṣe ṣáájú, nítorí wọ́n lè dá ọmọ padà lẹ́nu ọ̀nà, kí owó sì ṣòfò.

Pearson VUE ló ń ṣètò ìdánwò AWS àti Microsoft. A lè ṣe é nílé tàbí ní gbọ̀ngán ìdánwò. Nílé, wọ́n á fi kámẹ́rà ṣọ́ ọ, wọ́n á ní kí o ya fọ́tò yàrá, bí ẹnikẹ́ni bá sì wọlé, wọ́n lè dá ìdánwò náà dúró. Ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọmọdé ń sáré kiri, tí iná sì ń lọ tó ń bọ̀, kò bá a mu. Gbọ̀ngán ìdánwò sàn jù, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn.

Kí ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ tọrọ ìṣẹ́jú 30 àfikún tí AWS ń fún irú wa. Kó tọrọ rẹ̀ kó tó yan ọjọ́. Lẹ́yìn náà kò ṣeé ṣe mọ́. Kó yan àárọ̀, kí ìdánwò má bàa gba ìrun àyìlá mọ́ ọn lọ́wọ́, kó sì fi ọjọ́ Jímọ̀ sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè jíjí

Àwọn kan ń ta ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí kó jáde, gẹ́gẹ́ bí èkìpò WAEC. Ilé-iṣẹ́ tó ni ìdánwò lè gba ìwé-ẹ̀rí padà lọ́wọ́ ẹni tó lò ó. Jìbìtì ni, kò sì sí àlùbáríkà nínú owó oṣù tó bá ti ibẹ̀ wá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ ni àṣírí ń tú: wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà síwájú ọmọ náà, wọ́n á ní kó ṣe é. Ẹni tó há ìdáhùn sórí kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ kọ ohun mẹ́ta yẹn sílẹ̀: ohun tó máa lè ṣe, ọjọ́, àti ẹni tí yóò rí i. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìmọ̀ àwọn ọmọ wa, kó sì fi hàláàlì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àmín.