Nicodemus: Ìlú tí Ojú Irin Kò Gbà Kọjá

Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa nìyí: kí ni ó ń sọ ìlú di ìlú? Ṣé ọjà ni, àbí ọ̀nà, àbí ilé tí a kọ́ síbẹ̀? Ìtàn ìletò kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni n óò fi dáhùn. Nicodemus ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, ènìyàn 14 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ọdún 1996 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti rí. Kaúntì Graham ni Nicodemus wà, ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Kansas, ní tòsí odò Solomon. Ọ̀dàn pẹrẹsẹ ni, tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ àfi ní etí odò. Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ tó, ẹ̀fúùfù kì í sinmi, òtútù ibẹ̀ sì ń wọ egungun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ là yé ara wa. Ohun tí wọ́n ń pè ní táúnṣíìpù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìlú. Bí Yorùbá bá ti dárúkọ ìlú, ọba, ọjà àti agbo ilé ni ó ń wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orí ìwé ni a ti kọ́kọ́ bí táúnṣíìpù. Òfin ọdún 1785 ni ó ní kí àwọn awọnlẹ̀ máa pín ilẹ̀ ìjọba sí onígun mẹ́rin: máìlì 6 ní òró, máìlì 6 ní ìbú. A ó tún dá a sí ọ̀nà 36, éékà 640 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ara ìwọ̀n yìí ni wọ́n ti dá ẹ̀ka ìjọba kékeré sílẹ̀ lábẹ́ kaúntì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ọdún 1862 wá sọ pé ẹni tí ó bá gbé orí éékà 160 fún ọdún 5, tí ó sì dáko síbẹ̀, lè di onílẹ̀. Kí ẹ má sì ṣe gbàgbé pé ilẹ̀ náà kì í ṣe aláìlólúwa: àwọn ọmọ onílẹ̀, irú àwọn Pawnee àti Kansa, ti ń dọdẹ ní àgbègbè náà kí òyìnbó tó dé.

Ní ọdún 1877, W. H. Smith, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ oníwàásù, àti W. R. Hill, òyìnbó tí ń ṣòwò ilẹ̀, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti tẹ Nicodemus dó. Wọ́n lọ ké sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Kentucky, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní nǹkan bí ọdún 12 sẹ́yìn. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, àwọn tí ó lé ní 300 dé. Ìlérí tí wọ́n gbọ́ dùn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá yàtọ̀. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Willianna Hickman, tí ó dé ní ọdún 1878, bèèrè ibi tí ìlú náà wà. Èéfín tí ń rú láti inú ilẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ nàka sí. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ ni àwọn ènìyàn ń gbé! Ó bú sẹ́kún. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àwọn ọdẹ Osage ni wọ́n fún wọn ní oúnjẹ ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́. Àwọn kan padà sẹ́yìn. Àwọn yòókù tẹra mọ́ oko.

Kò pẹ́ tí ilé òkúta, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìtura fi rọ́pò ihò. Ìwé ìròyìn méjì jáde: Western Cyclone ní ọdún 1886, Nicodemus Enterprise ní ọdún 1887. Edward P. McCabe, ọ̀kan nínú àwọn ará ibẹ̀, wọlé ìbò ní ọdún 1882 gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wé-owó-wò ìpínlẹ̀ Kansas.

Ojú irin ni ó wá kù. Ní ọdún 1887, wọ́n dìbò láti yá $16,000 kí ilé iṣẹ́ rélùwéè lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Kò bọ́ sí i. Ní ọdún 1888, òdìkejì odò ni ojú irin gbà, ìlú tuntun kan tí ń jẹ́ Bogue sì hù síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò kó lọ bá ọkọ̀, ọjà tú.

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé a máa dá ìtàn náà dúró níbí, wọn a ní rélùwéè ni ó pa Nicodemus. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò lè di ẹrù rẹ̀, àgbẹ̀ kò lè ká oko rẹ̀ bí ẹní. Ẹ ro ó wò: ẹni tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ rí sínú ìwé mọ́ ẹṣin àti màlúù olówó rẹ̀, òun náà ni orúkọ rẹ̀ wá wà lórí ìwé ilẹ̀. Ta ni yóò fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítorí fèrè ọkọ̀? Ìlú tú, ṣùgbọ́n táúnṣíìpù kò tú. Kódà lẹ́yìn ọ̀dá àti ìjì eruku tí ó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ lọ láàárín ọdún 1930 sí 1939, òkúta ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi kọ́ gbọ̀ngàn táúnṣíìpù ní ọdún 1939. Ó wà níbẹ̀ títí di òní.

Ní ìparí oṣù Keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ti fọ́n káàkiri Amẹ́ríkà ń padà wá síbẹ̀ láti ṣe àjọ̀dún òmìnira. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ìlú, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye orí nìkan jẹ́ òṣùwọ̀n wọn. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ń bọ̀ wá sílé bá wà, ìlú wà.